Ẹrù Tó Wà Lẹ́yìn Bàbá Àgbà

Ìwọ tí o ṣí ìwé yìí, dúró ná. Mo fẹ́ kìlọ̀ fún ọ. Bí o bá ní bàbá àgbà kan tí àwọn ará ilé kì í fẹ́ dárúkọ, má ṣe dìde lọ wá a bí o kò bá tíì bi ara rẹ léèrè ohun tí o máa ṣe bí o bá rí i. Òkú kì í bá ènìyàn jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkú ń jà. Ó lè tú ilé ká. Ó sì lè fún ènìyàn ní ọkọ. Mo ti kìlọ̀. Bí o bá fẹ́ máa kà á lọ, rọra kà á.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Òun àti bàbá rẹ̀ arúgbó ni wọ́n jọ ń gbé, nínú yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ránṣọ. Obìnrin tó máa ń fura ni. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé kó tó dáhùn. Kò kàwé púpọ̀. Ó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ, ó mọ ìwọ̀n àyà àti ìwọ̀n ìbàdí kọ, ìyẹn náà sì ń bọ́ ọ.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló yọjú lójú fèrèsé kó tó wọlé. Wọ́n gba àlùmọ́gàjí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gba bírò rẹ̀, wọ́n fún un ní pẹ́ńsù. Yàrá náà tutù, ó sì pa rọ́rọ́. Wọ́n gbé páálí kan ka iwájú rẹ̀. Ó ṣí i. Ó fi ìka kan ahọ́n, bó ṣe máa ń ṣe sí òwú kó tó fi bọ ojú abẹ́rẹ́, ó fẹ́ ṣí ewé àkọ́kọ́.

"Jẹ́jẹ́, ìyá mi."

Ó gbójú sókè. Ọkùnrin gíga kan ló dúró tì í, tó wọ épírọ́ọ̀nù funfun, tó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan lọ́wọ́. Òun ló ń lẹ àwọn ìwé tó ti ya níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ gan-an ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é, torí ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má fi itọ́ kàn án. Itọ́ ń pa ìwé ju ikán lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Mi ò mọ̀." Ó ti ń dìde, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ mú.

"Ẹ jókòó, mi ò lé yín. Ikán náà ò kúkú mọ̀wé, ó sì máa ń ka gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ̀yin ẹ ṣáà rọra kà á."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Aránṣọ kó tó mọ̀. Ó yára fi ọwọ́ bò ó.

"Ta lẹ ń wá?" ni ọkùnrin náà béèrè.

"Bàbá tó bí bàbá mi. Ó lọ sí ogun ńlá ayé ìjọ́un, nígbà tí bàbá mi ṣì ń rá."

"Irú sójà wo ni wọ́n?"

Aránṣọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ kó tó kúrò nílé. Ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, ìdáhùn kan ni kó ní.

"Oníbọn," ló wí. "Oníbọn ni wọ́n."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé páálí àwọn oníbọn fún un. Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù fún ìsinmi ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ló ń lọ. Á fi ìka tọ orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ á máa mì. Kò rí bàbá àgbà. Jẹ́jẹ́ á wá jókòó tì í, á bá a ka èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé òun ń tún gèlè wé kí òun tó jáde nílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n jókòó lórí pèpéle tó wà lẹ́yìn ilé náà, wọ́n ń mu omi. Aránṣọ tẹjú mọ́ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì Jẹ́jẹ́. Ó ti ya, òwú ń jáde.

"Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn."

"Níbí?"

"Ẹ fi épírọ́ọ̀nù yín bora. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tún ìwé gbogbo ayé ṣe, aṣọ ọrùn yín ń ya, ẹ ò rí i."

Ó bọ́ ọ. Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń há sí ìgbátí aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Abẹ́rẹ́ yẹn, wọn ò rí i gbà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sẹ́ni tó ń wò mí ni," Jẹ́jẹ́ wí. "Látìgbà tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ ti pín gaàrí, kò sẹ́ni tó ń wò mí." Ó wo ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà. "Ó wá dà bíi pé ẹnìkan ti ń wò mí báyìí."

Abẹ́rẹ́ gún Aránṣọ lọ́wọ́. Ó fi eyín já òwú náà. Ìfẹ́ ti wọlé, ẹ̀rù náà sì tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ náà, Abẹ́rẹ́ Mi ni Jẹ́jẹ́ ń pè é. Á sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á kí bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Arúgbó náà á ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé ìwé lo wá lẹ̀ mọ́ ọmọ mi lára?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kò sì pẹ́ tí Jẹ́jẹ́ fi là á mọ́lẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ Mi, mo fẹ́ kí ẹ wá di aya mi. A ti dàgbà ju ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré lọ."

"Ẹ lọ sọ fún àwọn èèyàn yín ná," Aránṣọ dáhùn, inú rẹ̀ ń dùn, ọkàn rẹ̀ ń já.

Àwọn èèyàn Jẹ́jẹ́ kò ju ẹnìkan lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí ìyá yìí bá sọ, Jẹ́jẹ́ kì í kọjá rẹ̀. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ fúnra rẹ̀, ó mú aṣọ kan dání bí ẹni tó fẹ́ rán nǹkan.

"Ilé ta lẹ ti wá, ọmọ mi?"

Aránṣọ sọ fún un. Ìyá náà ká aṣọ rẹ̀ padà.

"Ilé Dìẹrùsá?"

Aránṣọ gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń jẹ́ orúkọ yìí ládùúgbò. Ọmọ Dìẹrùsá. Wọ́n á pè é níléèwé, wọ́n á pè é níbi iṣẹ́, wọ́n pè é lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá.

"Mi ò bá yín jà," ìyá náà ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ mọ aṣọ rán, ẹ sì níwà. Ṣùgbọ́n sójà ni bàbá wa. Ó wà lórí òkè tí ogun yẹn ti le jù. Ìṣojú rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́ pé bàbá yín àgbà ju ìbọn nù, ó di ẹrù sẹ́yìn, ó sá sọ̀kalẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá wa kò fìgbà kan sọ pé irọ́ ni. Àbúrò mi ò ní mú ẹ̀jẹ̀ asálógun wọ ilé bàbá rẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà láyé."

"Mo gbọ́, mà," ni Aránṣọ wí. Ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó tún kí i pé ó dàbọ̀.

Nígbà tó gun òkè lọ, bàbá rẹ̀ ti jókòó sétí ibùsùn. Ilẹ̀ pákó ni ilẹ̀ yàrá wọn, kò sí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tí kì í dé òkè.

"Wọ́n tún pè mí," ni arúgbó náà wí.

"Bàbá, ẹ má dá wọn lóhùn."

"Ìgbà wo ni mo ti dá wọn lóhùn rí?"

Aránṣọ kò lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé mọ́. Jẹ́jẹ́ ló wá bá a. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ti rù díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò ní bá wa gbé ilé kan náà. Ẹ jẹ́ ká fẹ́ ara wa."

"Rárá."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ yín. Kí ọkàn mi má purọ́ fún mi, mo fẹ́ yín débi pé mi ò lè rán ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn kí n má rántí yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ilé tí wọ́n á ti máa fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi. Bàbá mi ti ru orúkọ yìí tó. Mi ò ní gbé e lọ ilé ọkọ."

"Ẹ jẹ́ ká wá a tán nígbà náà. Páálí ṣì kù."

Aránṣọ jókòó. Ẹni tó ti ń fi nǹkan pamọ́ láti kékeré, nǹkan náà kì í yá ẹnu rẹ̀ sọ.

"Kò sí nínú páálí kankan. Mo mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, torí pé lóòótọ́ ló sá. Mi ò mọ̀ bóyá oníbọn ni. Bàbá mi ló ní kí n máa wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i lórí òkè yẹn, kò sí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Nǹkan ló dì sẹ́yìn, tó ń sáré lọ sísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe bi í nìyẹn nígbà tó délé, kò fèsì. Títí ó fi kú, kò fèsì."

Ó ti ń sunkún. Ó rò pé Jẹ́jẹ́ á yíjú. Jẹ́jẹ́ yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún láì sí ohun tó ta sí i.

"Abẹ́rẹ́ Mi, ẹ fi orí pamọ́ fún afárí. Kí lẹ fẹ́ kí n fá?"

"Kí lẹ ní?"

"Àwọn sójà kan wà tí wọn kì í gbé ìbọn. Òfin wọn ni. Bí wọ́n bá ti fi ọ́ síbẹ̀, wàá dá ìbọn padà. Àwọn agbáláìsàn ni, àwọn tó ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ìjà. Páálí tiwọn ò sí lọ́dọ̀ àwọn oníbọn. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ogun ló wà, ní yàrá kejì. Gbogbo ìgbà tí ẹ ti ń sọ fún wa pé oníbọn ni, ẹ̀yìn la kọ sí bàbá."

Aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ iṣẹ́.

Orúkọ bàbá àgbà wà níbẹ̀, láàárín àwọn agbáláìsàn, gbangba, kò sí ẹni tó pa á rẹ́. Aránṣọ gbé ọwọ́ lé e, ó tún yára gbé e kúrò nítorí òógùn ọwọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni. Orúkọ kò sọ bóyá ènìyàn sá tàbí kò sá. Jẹ́jẹ́ wá rántí téèpù. Nígbà kan, àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà ti lọ káàkiri, wọ́n gba ohùn àwọn sójà àtijọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kú tán. Ẹnìkan wà nínú wọn tó jẹ́ agbáláìsàn lórí òkè náà gan-an.

Ohun ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń fi sétí, ẹyọ kan ló wà níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ fi etí kan rẹ̀ sétí ara rẹ̀, ó fi èkejì sétí Aránṣọ. Wọ́n fara ti ara wọn, orí kan orí. Arúgbó kan húkọ́ nínú téèpù náà, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀nà tóóró ni. Àpáta lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì. Pákó tí a fi ń gbé aláìsàn ò lè gba ibẹ̀. A dúró, à ń wo ara wa. Lẹ́nìkan nínú wa bá mú kúbùsù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní ká gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ yẹn lé òun lẹ́yìn. Ó pọ̀n ọ́n. Bí ìyá ṣe ń pọ̀n ọmọ. Ó so kúbùsù náà láyà, ó forí lé ìsàlẹ̀, eré ló ń sá. A rẹ́rìn-ín. Lójú ogun, a rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, ó tún padà wá gbé òmíràn. Nígbà tí ọjọ́ máa fi rọ̀, gbogbo wa ti ń pọ̀n. Abiyamọ la sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà ló dárúkọ bàbá àgbà, orúkọ àti ti bàbá rẹ̀.

Ohùn ẹni tó ń bi í léèrè wọlé. "Àwọn kan ní ó sá, bàbá."

"Àwọn tó wà lókè ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n rí kúbùsù, wọ́n ní ó di ẹrù. Ẹrù kọ́. Ènìyàn ni."

"Kí ló dé tí kò sọ?"

"Àwa agbáláìsàn ní àdéhùn. Ẹni tí o bá pọ̀n, o ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ọkùnrin tó lọ sógun, tó wá ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ẹlòmíràn bí ọmọ ọwọ́, ṣé á fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́? Bí Abiyamọ bá ní ènìyàn ni, wọ́n á ní ènìyàn wo? Wọ́n ń bú u, ó ń gbọ́. Ó panu mọ́."

Aránṣọ kò mọ ìgbà tó di ọwọ́ Jẹ́jẹ́ mú. Ó dì í mú pinpin.

"Ẹ bá mi lọ mú bàbá mi wá," ló wí.

Wọ́n mú arúgbó náà wá. Ó wọ agbádá tí Aránṣọ rán fún un, tó ti ń sọ pé òun kò ríbi wọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí i létí méjèèjì. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri.

"Ẹ tún un fi sí i."

Wọ́n tún un fi sí i.

"Ẹni yẹn ní 'Abiyamọ', àbí etí mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí, bàbá."

Arúgbó náà dìde. Jẹ́jẹ́ fẹ́ dì í lápá mú, ó ní kó fi òun sílẹ̀, òun á dá rìn. Ó dá rìn lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìtòsí ilé, àwọn tó máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, àwọn arúgbó bíi tirẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, òdìkejì títì ló máa ń gbà bó bá fẹ́ kọjá níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, iwájú wọn gan-an ló gbà.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ Abiyamọ ni mí."

Wọ́n wo ara wọn. "Abiyamọ wo nìyẹn?" lọ́kan béèrè.

"Bàbá mi. Ó pọ̀n àwọn bàbá ẹlòmíràn. Bó bá wù yín, ẹ lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé. Ẹ má fi itọ́ kan ìwé wọn o, wọn kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Aránṣọ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì gbé orí rẹ̀ sókè. Obìnrin tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo òun, ó rìn láàárín títì.

Jẹ́jẹ́ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà lọ gbọ́ ọ. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ létí, ó sì kọrí sílé. Ó pẹ́ tí wọn ò gbúròó rẹ̀. Aránṣọ ní kí wọ́n má dà á láàmú. Ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ lára, ẹ jẹ́ kó jókòó tì í.

Nígbà tó yá, ìyá náà àti àbúrò rẹ̀ jọ gun àtẹ̀gùn yàrá Aránṣọ àti bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ àárọ̀. Ìyá náà kò jókòó sórí àga. Ó kúnlẹ̀ sórí pákó.

"Bàbá, mo wá kó ọ̀rọ̀ mi nílẹ̀. Ohun tí mo sọ ní ìsàlẹ̀ níjọ́sí, mo mọ̀ pé ẹ gbọ́."

"Etí mi ò tíì di," arúgbó náà dáhùn.

"Ẹ forí jì mí. Mo wá tọrọ ọmọ yín fún àbúrò mi. Mi ò bínú bí ẹ bá ní kí n padà."

Arúgbó náà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Òun ni kẹ́ ẹ bi."

Aránṣọ wo Jẹ́jẹ́, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti bọ́.

"Mo gbà á," ló wí. "Tó bá ti lè máa fi ìwé sílẹ̀ wá jẹun lásìkò."

"Mo lè ṣe é, Abẹ́rẹ́ Mi," Jẹ́jẹ́ dáhùn láti ilẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dìde, Aránṣọ gbé omi wá. Ìyá náà nìkan ló ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ pa etí ìró rẹ̀.

"Bàbá, nǹkan kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn. Ẹsẹ̀ kan bàbá wa kò ṣe é tẹ̀ látìgbà ogun yẹn. Orí òkè náà ni ìbọn ti bà á. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí bó ṣe sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti ń sọ ọ̀rọ̀ bàbá yín níwájú rẹ̀, á dìde, á wọ yàrá lọ. Àwa rò pé inú ló ń bí i sí asálógun." Ó gbójú sókè wo arúgbó náà. "Ṣé bàbá yín dárúkọ ẹnikẹ́ni fún yín kó tó kú? Ṣé bàbá tiwa wà lára wọn?"

Aránṣọ wo bàbá rẹ̀. Ó mọ iye ìgbà tí wọ́n ti pè é ní ọmọ Dìẹrùsá. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí arúgbó náà lè fi gbẹ̀san gbogbo rẹ̀, bó bá mọ orúkọ náà, tàbí bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Arúgbó náà na ọwọ́ sí ìyá náà, ó fà á dìde.

"Ìyàwó lẹ wá tọrọ, ìyàwó nìyẹn. Ẹ máa mú un lọ pẹ̀lú ayọ̀."

"Bàbá, ẹ ṣáà sọ fún mi."

"Ọmọ Abiyamọ ni mí," ni arúgbó náà wí. "Mi ò ní sọ."